Bí Mánéjà Ṣe Di Etí Ilé Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Mo ti mú ajá wálé. Mo mọ̀ pé mo sọ pé mi ò ní mú un, ṣùgbọ́n ó ti dé. Abẹ́ tábìlì ilé ìdáná ló wà báyìí, ó ń wò mí bí àlejò tí wọn ò tíì fún ní àga.

Bàbá ọlọ́dẹ ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló ni ín. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, ó ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, wọn kì í sì í gba ajá nínú ilé yẹn. Ó ti sọ ọ́ ní Mánéjà kí mánéjà wa tuntun tó dé rárá. Láti ìgbà náà, bí bàbá bá ti ké pé, "Mánéjà! Jáde kúrò nínú ìdọ̀tí yẹn!", ọ̀gá wa á yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gá ní kí orúkọ yẹn lọ tàbí kí ajá lọ. Ajá ò dáhùn sí orúkọ mìíràn. Ajá ló lọ.

Ọkọ mi wo ajá, ó wò mí, ó kọjú sí ògiri. Láti ìgbà tí àìsàn ti gba etí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Mo kọ ọ́ sórí síléètì fún un pé, "Ó máa bá yín gbélé tí mo bá lọ síbi iṣẹ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò, ó gbé síléètì padà fún mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó ti jẹ bàtà ibi iṣẹ́ mi. Ẹsẹ̀ òsì nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mo bá lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, oòrùn ń pa á, ó ti fi gèlè rẹ̀ bo orí. Ó ti kan ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ọkọ mi wà ní pálọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, ó kẹ̀yìn sílẹ̀kùn, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé kejì. Ajá ń gbó bíi pé wọ́n fẹ́ gbé ilé lọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ilé.

A wọlé. Ó mu omi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, mi ò bá ẹ jà o. O ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n tí iná bá ń jó lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Tí ẹnì kan bá wá pariwo pé kó sá jáde ńkọ́?"

"Mo máa ń wálé lọ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀sán nìkan kọ́ ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, àfi bíi pé ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa lè gbọ́. "Yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi máa ṣófo níparí oṣù kẹjọ. Tí mo bá dé nígbà yẹn tí nǹkan ṣì rí báyìí, màá mú àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ mi. Èmi kì í lọ síbi kankan mọ́, màá máa rí i."

Ọkọ mi ń wo ẹnu wa láti ọ̀dọ̀ èkíní dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ó mọ̀ pé òun là ń sọ. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ohun tó sọ, mo ti sọ ọ́ fún ara mi rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo gbé Mánéjà lọ gba abẹ́rẹ́. Dókítà ẹranko náà ò tíì ju ẹni tí mo lè bí lọ, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Mo fi ṣe àwàdà pé ṣé ajá lè kọ́ bí a ṣe ń sọ fún adití pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ó ṣeé ṣe dáadáa, Mà. Ṣebí ó ti ń sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣáà fẹ́ kó máa lọ sọ ọ́ fún ẹnì kan pàtó."

"Báwo ni mo ṣe máa kọ́ ọ?"

"Èyí tó bá ṣe tó dùn mọ́ yín, ẹ fún un ní ẹran lójú ẹsẹ̀. Èyí tí kò dùn mọ́ yín, ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹ má nà án. Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Kí ẹran yẹn rọ̀, kó má ju èékánná lọ, kó lè máa fẹ́ sí i."

"Ìgbà wo ló máa mọ̀ ọ́n?"

"Ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n ni, Mà."

Mo rẹ́rìn-ín gbogbo ọ̀nà délé. Mánéjà bì sínú àpò mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ẹ̀dọ̀ ti gbówó lórí gan-an. Alápatà bi mí pé ta ló ń ṣàìsàn nílé tí mo fi ń ra ẹ̀dọ̀ ní gbogbo ìgbà. Mo ní Mánéjà ni. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn o, Ọlọ́run á ta wọ́n lọ́rẹ àlàáfíà."

Mo bọ̀ ọ́, mo gé e wẹ́wẹ́, mo kó o sínú abọ́ aláwọ̀ ewé nínú fíríìjì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ju pé kí n pe orúkọ rẹ̀, kó wò mí, kí n fún un ní ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣáá títí tí oúnjẹ àwa èèyàn fi jóná.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó JÓKÒÓ! Mo gbé ẹran lé òkè imú rẹ̀, ó ń fi ojú tẹ̀ lé e sókè, ìdí rẹ̀ sì balẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo sọ pé "Jókòó", mo fún un. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ láìgbé ẹran sókè, ó tún jókòó, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀ fún mi.

Mo yí padà láti wá ẹni tí màá sọ fún. Ọkọ mi ti lọ dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ wà lọ́nà jíjìn. Ni mo bá sọ fún ajá fúnra rẹ̀ pé ó káre.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Òjò ti ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Káfíńtà tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa ti gbà láti máa bá wa kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti ń kan nǹkan látàárọ̀ ayé òun, èyí nìkan ni wọn ò ní kí òun wá tún un ṣe.

Ó kan ilẹ̀kùn. Mánéjà gbó bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ nírù. Mo jókòó lórí àga, mi ò wo ibì kankan. Ó gbó títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá yíjú sí mi pé kí ló dé tí mi ò dìde. Níbi ìwòjú yẹn ni mo ti fún un ní ẹran. Káfíńtà tún kàn án. Ní ìrọ̀lẹ́, gbígbó ti di ẹ̀ẹ̀kan péré, ìwòjú ti wá yára.

Ọkọ mi gba pálọ̀ kọjá, ó rí mi tí mo jókòó gbọnrangandan tí mo ń dibọ́n, ó mi orí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo ti ba nǹkan jẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo fi àyọ́ọ̀nù lọ̀ látàárọ̀, ẹ̀rọ kan bàjẹ́, ọ̀gá ń pariwo. Mo délé, Mánéjà ń gbó ẹyẹ lójú fèrèsé, n kò mọ ìgbà tí mo gbá tábìlì tí mo sì jágbe mọ́ ọn. Ó wọ abẹ́ tábìlì. Mo nawọ́ ẹ̀dọ̀ sí i, kò wá. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ igbe mi, ṣùgbọ́n ó rí ojú mi, ó sì rí ajá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mo pe dókítà lórí fóònù. Kò bá mi wí, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ó ní kí n jókòó sílẹ̀, kí n kẹ̀yìn sí ajá, kí n fi ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n máa ṣe iṣẹ́ mi lọ bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni.

Mo jókòó lórí sìmẹ́ńtì, mo ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rán gbogbo ẹ̀wù tó wà nílé tán kí imú tútù kan tó kàn mí nígbọ̀nwọ́. Mi ò yíjú. Mo kàn ń sunkún díẹ̀díẹ̀, mo sì ń rán nǹkan mi lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Káfíńtà kan ilẹ̀kùn. Kò gbó. Ó sáré wá bá mi ní ilé ìdáná, ó fi imú gún mi lórúnkún, ó sáré padà sẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo fún un ní ẹ̀kúnwọ́. Káfíńtà náà ní òun fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Ó ti tó àkókò kó máa lọ bá ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Mo fi ẹran sọ́wọ́ ọkọ mi, mo sì kọ ohun tí yóò ṣe sórí síléètì. Káfíńtà kan ilẹ̀kùn. Mánéjà wá bá mi, mi ò wò ó. Ó dúró, ó ronú, ó wá lọ fi imú gún ọkọ mi lórúnkún.

Ó ṣe é! Ó ṣe é láìṣe àṣìṣe kankan! Ọkọ mi wo ẹran ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e ka orí tábìlì. Ó sọ̀rọ̀, gbólóhùn tó gùn jù tí mo ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́:

"Mi ò tíì di ẹni tí ajá ń tọ́."

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo tún dá a padà. Mánéjà dúró síbẹ̀, ó ń wo orí tábìlì.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo fẹ́ kọ eléyìí dáadáa kí n má baà gbàgbé.

Ìrọ̀lẹ́ ni, òjò ń bọ̀, ojú ọ̀run ti ṣú. Àrá kan sán tó mú kí abọ́ mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mánéjà kò wá bá mi, kò wọ abẹ́ tábìlì. Ó sá tààrà lọ sídìí àga ọkọ mi, ó wọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń gbọ̀n. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi fẹ́ tì í kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ bà á lẹ́yìn, ó sì dúró níbẹ̀. Àrá tún sán, ara ajá sọ kúlú lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo òrùlé, ó wo fèrèsé, ó wò mí.

Ó ní, "Àrá ń sán, àbí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí àga, bàbá àgbàlagbà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ajá náà. Bí ẹ̀yìn ajá bá ti sọ kúlú, ọkọ mi á ní, "Ìyẹn tún nìyẹn." Òjò rọ̀ títí ó fi dá. Ìyẹ̀fun gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀dọ̀ inú abọ́ aláwọ̀ ewé ń yára dínkù ju bí mo ṣe ń lò ó lọ. Ajá kò lè ṣí fíríìjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Mo ti mọ olè náà. Mo tètè dé, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọkọ mi dúró ní àárín pálọ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀: Mánéjà jókòó. Ó yí ìka: Mánéjà yí po. Ó na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan: Mánéjà wá dúró tì í bíi sójà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láàárín wọn. Èmi tí mo ti ń pariwo "jókòó, jókòó" láti oṣù kẹfà, ajá mi ò dá mi lóhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Ó rí mi. Ó tọ́jú ọwọ́ sínú àpò bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò.

Ó ní, "Ọwọ́ ló máa ń wò. Ìwọ ń da ọ̀rọ̀ bò ó."

Kí n máa dúpẹ́ ni àbí kí n máa jowú? Mo ṣe méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọkọ mi ti gbà kí ajá máa wá pe òun sẹ́nu ọ̀nà. Mánéjà ti di oníjìbìtì. Ó ti rí i pé bí òun bá ti gún orúnkún, ẹran ń bọ̀. Ó gún un lónìí ṣáá, ọkọ mi ń dìde, ó ń ṣílẹ̀kùn, kò sí ẹnìkan, àfi afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òpópónà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ajá ń wo àpò rẹ̀.

Mo rò pé inú á bí i, pé á ní òun ò ṣe mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò dún tó ti tẹ́lẹ̀, nítorí kò mọ bó ṣe ń dún mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni.

Dókítà ní kí ọkọ mi kọ́kọ́ rí ẹni tó kan ilẹ̀kùn kó tó sanwó iṣẹ́ fún ajá. Tí kò bá sí ẹnìkan, kò sí ẹran, kò sì sí ìbínú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Ṣúgà tún ti wọ́n. Jìbìtì Mánéjà ti ń lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹ̀gbọ́n pè. Ó ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, wọ́n ti kun yàrá ìsàlẹ̀. Mo kọ ọ́ fún ọkọ mi. Ó kà á, kò nù ún kúrò, ó gbé síléètì náà ti ògiri níbi tó ti lè máa rí i.

Mo ti sọ fún ọ̀gá pé mi ò ní wá ní Àbámẹ́ta yẹn. Mo fẹ́ wà nílé kí n lè dúró ti ajá. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí Káfíńtà bá kan ilẹ̀kùn, ajá ń lọ pe ọkọ mi. Ṣùgbọ́n àlejò tí ọwọ́ rẹ̀ yàtọ̀ ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Kò dúró di Àbámẹ́ta. Òní ló dé, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́.

Mo yọ sí ojú ọ̀nà wa, àtẹ̀gùn iwájú ilé ṣófo. Mo gbọ́ ohùn nínú ilé. Mo wọlé, mo bá Ẹ̀gbọ́n lórí àga ńlá, ó ti bọ́ bàtà, Mánéjà sùn lé e lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ọkọ mi ń da tíì sínú ife.

"Ìyàwó wa, jókòó. Jókòó kí n sọ fún ẹ. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ ká yín mọ́ ni. Mo sọ pé Àbámẹ́ta kí n lè wá lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n!"

"Jẹ́ n sọ̀rọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kàn án jẹ́jẹ́, kí n lè ní nǹkan sọ. Mo gbọ́ tí nǹkan ń sáré pàkàpàkà nínú ilé. Mo sì ti ń wá ibi tí màá jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí nìyẹn. Àbúrò mi dúró síbẹ̀, ó ní, 'Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wọlé, oòrùn mú.'" Ó fi etí aṣọ nu imú. "Ṣé o mọ ìgbà tí mo gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn? Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó ti bá etí rẹ̀ lọ."

Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mọ ibi tí ìtàn dé. Ó gbé ojú kúrò, ó ń da tíì tó ti kún tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Jẹ́ n tún kàn án wò." Ó jáde láìwọ bàtà, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó kàn án. Mánéjà dìde, ó gún orúnkún, ọkọ mi ṣílẹ̀kùn, ó fún ajá ní ẹran. Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún jáde. Ó kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ìka kan. Ó fi kọ́kọ́rọ́ kàn án. Obìnrin tó ní orúnkún ń dun òun ló ń jáde tó ń wọlé bí ọmọdé, àwọn ará òdìkejì òpópónà jáde wá wò ó.

Nígbà tó yá, mo ní, "Ẹ̀dọ̀ ti tán, Ẹ̀gbọ́n."

"Búrẹ́dì ńkọ́?"

Kó tó lọ, ó dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. "Màá fi ayálégbé sínú yàrá yẹn. Ìwọ lo kọ́ ọ?"

Mo ní, "Àwa méjèèjì ni."

Gbogbo oṣù wọ̀nyí ni mo fi ń retí láti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì sí níbẹ̀. Mo ti ń rò ó látìgbà tó lọ. Mo rò pé ó máa dùn mí. Kò dùn mí rárá. Orí mi wú débi pé gèlè ò lè ká a mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án

Òwúrọ̀ tútù, kò sí òjò. Mo ń fọ àwo ní ilé ìdáná, Mánéjà sùn sídìí mi, ọkọ mi wà nínú yàrá lọ́hùn-ún. Nǹkan kan ni mo fẹ́ béèrè, mo sì ké láìronú, bí mo ṣe máa ń ké nígbà tí etí rẹ̀ ṣì wà:

"Dádì!"

Ojú ti mí bí mo ṣe ké e tán. Mo ń ṣan àwo lọ. Mánéjà dìde, ó jáde. Mo rò pé omi ló fẹ́ lọ mu.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, apá rẹ̀ kan ṣì wà lóde ẹ̀wù, ajá wà níwájú rẹ̀. Wọ́n ti ń kọ́ ọ lẹ́yìn mi. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé Káfíńtà ló ń dúró níbi tí mo ti ń fọ àwo yìí tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, tó ń fi ohùn obìnrin ké Dádì, tí ọkọ mi sì ń dúró de ajá nínú yàrá pẹ̀lú ẹran lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, mi ò tíì mọ nǹkan kan. Mo kàn rí i níbẹ̀.

Ó ní, "O pè mí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọṣẹ ń kán láti ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Mo ti dé. Kí lo fẹ́?"

Mo wá a títí, mi ò rántí mọ́.